Ẹ̀bẹ̀ Nítorí Yàrá Ẹ̀yìnkùlé

Yàrá náà kò tóbi. Bẹ́ẹ̀dì ẹlẹ́nìkan ló wà níbẹ̀, àga kan, fèrèsé kan, àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pẹ̀lú ibi ìwẹ̀ tí ènìyàn lè wọ̀ láìgbé ẹsẹ̀ sókè. Bí àlejò méjì bá wọlé, ẹnì kan ní láti jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ti rí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe ní Hyde Road tó fẹ̀ jù ú lọ. Síbẹ̀, nítorí yàrá yìí, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rán ọkùnrin kan wá láti ìlú mìíràn pẹ̀lú téèpù ìwọnlẹ̀. Ó wò ó yíká, kò sì bá wa sọ ju gbólóhùn mélòó kan lọ.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n màmá mi ni wọ́n kọ́ ọ fún. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ni mò ń pè ní Mọ̀mí, ọkọ wọn ni Dádì. Ilé wọn ní Gorton ni mò ń gbé nígbà tí mo wá kàwé kún ìwé ní Manchester, kò sì sí bí ènìyàn ṣe lè máa jẹ oúnjẹ obìnrin láàárọ̀ lálẹ́ kó ṣì máa pè wọ́n ní Àǹtí. Dádì ti wa bọ́ọ̀sì fún ọ̀pọ̀ ọdún kí rọpárọsẹ̀ tó kọ lù wọ́n. Ó mú apá ọ̀tún, ó mú ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó mú ìdajì ojú, ó sọ ọ̀rọ̀ di ohun tí wọ́n ń fà jáde díẹ̀díẹ̀. Làákàyè wọn nìkan ni kò fọwọ́ kàn. Dádì fúnra wọn sọ pé èyí ni àṣìṣe tí àìsàn náà ṣe.

Ilé bíríkì pupa ni ilé wọn, ọ̀kan lára àwọn tó so mọ́ ara wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ àdúgbò dé òpin. Òkè ni balùwẹ̀ wà. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ tóóró, ó sì dúró ṣánṣán bí ẹni pé ẹni tó ṣe é ń bínú sí ẹnì kan. Lójoojúmọ́ ni Mọ̀mí ń ti Dádì láti ẹ̀yìn, tí èmi ń fà wọ́n láti iwájú, títí a ó fi dé òkè, a ó sì jókòó síbẹ̀ àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a ó máa mí. Dádì ṣubú lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí wọ́n ṣubú lẹ́ẹ̀kejì, Mọ̀mí lọ bá Bọ̀dá Ẹnjiníà.

Bọ̀dá Ẹnjiníà kì í ṣe ẹnjiníà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, kò sẹ́ni tí kò ní oyè. Ẹni tó ń tan ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni Dáírẹ́kítọ̀ Ohùn. Obìnrin tó ń pín omi inú ike ni Olórí Ẹ̀ka Ìtura. Bọ̀dá yìí ṣe bíríkìlà ní Ìbàfò kó tó wá, ní Manchester ó ń to páálí ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Swinton. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ó wá wo ẹ̀yìnkùlé ní ọjọ́ Sátidé kan, ó fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n.

“Mọ̀mí, wọ́n ní èèyàn máa ń gba ìwé níbí kó tó kọ́lé.”

“Ìwé kí ni?”

“Planning ni wọ́n ń pè é, mà.”

“Ṣé ilé lo fẹ́ kọ́ ni? Yàrá ni. Ẹ̀yìnkùlé ta sì ni?”

“Tiyín ni, mà.”

“Ṣé kí n wá lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ ara mi?”

Bọ̀dá yíjú sí mi, nítorí pé èmi ni mo kàwé. Mo ní ọ̀rọ̀ Mọ̀mí bọ́gbọ́n mu. Ẹ̀kọ́ tí mò ń kọ́ ní yunifásítì lọ́dún náà ni ìṣàkóso ìjọba ìbílẹ̀.

Sátidé mélòó kan ni yàrá náà gbà. Ní ọjọ́ tí Dádì kọ́kọ́ wẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ra láti inú, wọ́n fi ọwọ́ òsì tan omi, wọ́n sì wà níbẹ̀ fún bíi wákàtí kan. Mọ̀mí dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì, wọ́n fi etí lélẹ̀ bóyá wọ́n á gbọ́ ìró ìṣubú. Kò sí ìṣubú. Nígbà tí Dádì jáde, wọ́n ti wọ ṣòkòtò fúnra wọn, ó kọ iwájú sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn.

Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́ta, lẹ́tà dé láti káńsù. Ẹnì kan ti fi ẹjọ́ sùn pé a kọ́lé láìgba àṣẹ.

Kò pẹ́ tí a fi mọ ẹni náà, torí òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún wa. Baba òyìnbó tó ń dá gbé nínú ilé tó tẹ̀ lé tiwa ni. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Nígbà tí Dádì ti ilé ìwòsàn dé, ó gbé páálí bisikíìtì wá. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà wa, ó ní kí a má bínú, fèrèsé ilé ìdáná òun ni kò rí ìmọ́lẹ̀ mọ́, iná mànàmáná lòun ń tàn láti fi bẹ ọ̀dùnkún lọ́sàn-án gangan. Mọ̀mí bi í pé kí ló dé tí kò kan ilẹ̀kùn kó sọ fún wa. Ó ní òun kò fẹ́ yọ wá lẹ́nu.

Òṣìṣẹ́ káńsù kan, obìnrin tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ ohun tí kò dùn, wá wo yàrá náà. Ó ní a ṣì lè tọrọ àṣẹ lẹ́yìn tí a ti kọ́ ọ tán. A tọrọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kọjá, lẹ́tà mìíràn dé. Lórí tábìlì oúnjẹ ni mo ti kà á fún Mọ̀mí.

“Kí ni wọ́n ní?”

“Wọ́n ní àwọn ò gbà.”

“Gbogbo ojú ewé mẹ́rin yìí, àwọn ò gbà nìkan ló wà níbẹ̀?”

“Wọ́n ní yàrá ti gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé, ó sì dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ baba ẹ̀gbẹ́ wa.” Mo ṣí ojú ewé ìkẹyìn. “Wọ́n ní ẹ lè ṣe apíìlì.”

“Kí nìyẹn?”

“Ẹ lè bẹ̀bẹ̀ nìyẹn.”

Mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé. Mo mọ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ lórí rédíò pé ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti dá ẹjọ́ báyìí báyìí. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ń jà. Ẹni tó bá ń sọ ọ́ ti fọwọ́ di ìbàdí mú. Ṣùgbọ́n apíìlì tí etí mi mọ̀ jù kì í ṣe ti ilé ẹjọ́. Èyí tí wọ́n ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì ni, nígbà tí wọ́n bá ń ṣe apíìlì sí ẹni tó gbé mọ́tò rẹ̀ dí ọ̀nà. Èyí tí awakọ̀ ń ṣe sí ọlọ́pàá ni: “Ọ̀gá mi, mò ń ṣe apíìlì sí yín.” Nílé wa, ẹni tó bá ní òun ń ṣe apíìlì ti kúnlẹ̀ tán. Ọ̀rọ̀ náà dé etí mi, mo túmọ̀ rẹ̀ bí ẹni tó mọ̀ ọ́n, mo pa lẹ́tà dé. Bí mo bá ka ìlà mẹ́ta sí i ni, ǹ bá ti rí i pé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni a ó kọ̀wé sí, àti pé ohun tí wọ́n ń béèrè ni ìdí tí ìpinnu káńsù kò fi tọ̀nà.

Inú Mọ̀mí dùn. Ẹ̀bẹ̀ kì í ṣe ohun àjèjì sí wọn. “Ṣebí wọ́n ti fẹ́ gbà nìyẹn,” ni wọ́n sọ. “Wọ́n kàn fẹ́ ká bẹ̀ wọ́n ni. Ẹni tí ò bá fẹ́ gbà, kò ní í ní kéèyàn wá bẹ òun.”

Wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà. Ẹ̀bẹ̀ sì ní òfin tirẹ̀. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣàlàyé, nítorí àlàyé máa ń dà bí àwíjàre. Gbogbo ohun tí wọ́n bá kà sí i lẹ́sẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbà, kó tún fi díẹ̀ kún un, kí ojú lè ti ẹni tó ń bínú. Mọ̀mí ń sọ, mò ń kọ. Mo kọ ọ́ pé a mọ̀ pé a ṣẹ̀. Mo kọ ọ́ pé yàrá náà tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, pé kò sí ẹni tó ní ẹ̀rí ọkàn tí yóò kọ́ irú rẹ̀, pé a ti sọ arúgbó kan sínú òkùnkùn nínú ilé ara rẹ̀, pé bí káńsù bá tilẹ̀ ní kí a wó o, ohun tó tọ́ sí wa ni. Àánú nìkan ni a ń wá. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gígùn kan wà tí mo ti ń wá ibi tí n ó lò ó sí láti ọdún kẹta mi ní yunifásítì nílé. Ibẹ̀ ni mo lò ó sí. Nígbà tí mo kà á fún Mọ̀mí, wọ́n nu ojú.

“Èyí wọlé,” ni wọ́n wí.

Pásítọ̀ wa buwọ́ lù ú gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, pẹ̀lú gbogbo oyè wọn, tó gba ìlà méjì.

Àwa mẹ́ta la mú un lọ: Mọ̀mí, Pásítọ̀, àti èmi. Obìnrin káńsù náà jáde wá bá wa níbi tí wọ́n ti ń dá ará ìlú lóhùn. Mo fún un ní lẹ́tà. Ó lu òǹtẹ̀ lé e. Bó ṣe gbé ojú sókè, kò rí Mọ̀mí mọ́, torí Mọ̀mí ti kúnlẹ̀, tábìlì sì ga jù wọ́n lọ. Ó sáré yí tábìlì ká.

“Ṣé ara wọn ò yá ni? Ṣé kí n pe ámbúláǹsì?”

“Ara wọn le,” Pásítọ̀ fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi ń wàásù. “Apíìlì ni wọ́n ń ṣe.”

“Ah. Apíìlì?” Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, mo sì mọ̀ pé ohun tí kò dùn ń bọ̀. “Ibí kọ́ ni wọ́n ti ń ṣe é.”

Ó bá wa gbé Mọ̀mí dìde, ó bu omi fún wọn, ó sì ṣàlàyé. Bí káńsù bá kọ̀, káńsù kọ́ ni yóò tún gbọ́ ẹjọ́ náà. Ìsípẹ́kítọ̀ kan ni yóò gbọ́ ọ, tí ìjọba orílẹ̀-èdè yàn, tí kò mọ̀ wá, tí kò sì mọ káńsù. Fọ́ọ̀mù rẹ̀ wà. Ọ̀sẹ̀ méjìlá ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un láti ọjọ́ tí wọ́n kọ̀. Ó wo ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà wa. Ẹ̀bẹ̀ náà ti jẹ oṣù kan ààbọ̀ nínú rẹ̀, torí a ti ń wá ọjọ́ tí àyè yóò gba Pásítọ̀. Àkókò ṣì wà.

Mo wá rántí ohun tí mo kọ. Mo ní kó jọ̀ọ́ dá lẹ́tà yẹn padà fún mi.

“Mi ò lè dá a padà,” ó ní. “Ohun tí wọ́n bá ti mú wá nípa ọ̀rọ̀ náà, inú fáìlì ló ń lọ. Ìsípẹ́kítọ̀ náà á rí i.”

“A fẹ́ tún un kọ ni.”

“Ẹ lè kọ òmíràn. Ìyẹn náà á wọ inú fáìlì.”

Nínú bọ́ọ̀sì tí a wọ̀ padà sí Gorton, Mọ̀mí ní obìnrin náà ṣe ènìyàn.

Lọ́sẹ̀ náà ni mo wá jókòó ní ilé ìkàwé yunifásítì, mo ka ohun tó yẹ kí n ti kà. Ọ̀nà mẹ́ta ni ìsípẹ́kítọ̀ lè gbà gbọ́ ẹjọ́. Èyí tó tóbi jù ni ti àwọn lọ́yà, níbi tí wọ́n ti ń jókòó fún ọjọ́ púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ilé ìtajà ńlá. Ìkejì ni ti ìjókòó yí tábìlì ká. Ìkẹta, tí wọ́n fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ irú wa, ìwé nìkan ni: àwa yóò kọ tiwa, káńsù yóò kọ tiwọn, aládùúgbò yóò kọ tirẹ̀, ìsípẹ́kítọ̀ yóò wá fi ojú rí ibẹ̀, yóò sì kọ ìdájọ́. Ó lè gba tiwa, ó lè kọ̀ ọ́, ó lè gbà á kó fi ìlànà dè é. Ohun tó bá sọ labẹ gé. Ilé ẹjọ́ gíga wà lókè rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bóyá ó ṣi òfin lò nìkan ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀, wọn kì í gbọ́ bóyá ọkùnrin kan nílò ibi tí yóò ti wẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìdí tí ìpinnu káńsù kò fi tọ̀nà. Mọ̀mí kò fẹ́.

“Ẹni tá a ti bẹ̀, ṣé òun lo tún fẹ́ bá jà?”

“Mọ̀mí, ìjà kọ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí.”

“Lẹ́tà àkọ́kọ́ ńkọ́? A ní a jẹ̀bi. Èyí wá ní a ò jẹ̀bi. Ojú wo ni baba yẹn máa fi wò wá?”

Òun ni ìbéèrè tó gbọ́n jù tí ẹnikẹ́ni bi mí nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Mo kọ ọ́ báyìí pé yàrá náà kò ga, pé fèrèsé baba náà ti ṣókùnkùn tẹ́lẹ̀, pé ìwé dókítà wà. Ojú ewé kan ààbọ̀. Mi ò fi ọ̀rọ̀ gígùn sí i.

Nígbà tí wọ́n fi ọjọ́ tí ìsípẹ́kítọ̀ ń bọ̀ ránṣẹ́, Mọ̀mí bi mí ohun tí ìsípẹ́kítọ̀ jẹ́ gan-an. Kí n tó dáhùn, wọ́n ti dá ara wọn lóhùn: “Wolé-wolé ni.” Ní Abẹ́òkúta tí wọ́n ti dàgbà, wolé-wolé ló máa ń wọ agbolé, tí yóò ṣí ìkòkò omi wò bóyá ìdin ẹ̀fọn wà níbẹ̀, tí yóò sì fa ẹni tí ilé rẹ̀ bá dọ̀tí lọ sí kóòtù. Mo ní kì í ṣe irú ìyẹn. Wọ́n ní kí n yé sọ Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn, ẹni tó bá ń wọlé onílé wò ni wolé-wolé.

Wọ́n fi ọjọ́ méjì fọ ilé náà. Wọ́n da omi abẹ́ ìkòkò òdòdó nù. Wọ́n fi ọmọrí dé gbogbo ohun tó ní ẹnu, títí kan kẹ́tùlù tó ní ọmọrí tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nílùú tí ẹ̀fọn kò lè gbé fún ọ̀sẹ̀ kan, kò sí ìdin kankan lábẹ́ òrùlé wa.

Dádì náà ń múra. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n ti ń fi gbólóhùn kan dánra wò. Ọ̀rọ̀ máa ń ṣòro fún wọn. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ ohun tó gùn, wọ́n ní láti tò ó sínú kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá kọjá lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, mo máa ń rí ètè wọn tó ń mì. Bí wọ́n bá rí mi, wọ́n á dákẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, wọ́n sì fi ọwọ́ òsì nìkan so táì. Wọn kò jẹ́ kí Mọ̀mí ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń dúró.

Ọkùnrin gíga kan ló dé, nínú aṣọ òjò, pẹ̀lú fáìlì. Obìnrin káńsù náà tẹ̀ lé e, òun náà sì di odi lọ́jọ́ náà, torí òfin ni pé ẹnì kankan nínú ìhà méjèèjì kò gbọdọ̀ bá a sọ ọ̀rọ̀ ẹjọ́. Mọ̀mí ti kúnlẹ̀ kí i kí n tó dì wọ́n mú.

“Ẹ káàbọ̀ o, sà. Ẹ wọlé. Ẹ kú ọ̀nà. Ẹ jókòó, ẹ jẹ nǹkan.”

Mo túmọ̀ rẹ̀. Ó wo àwo míìtì-páì tó wà lórí tábìlì, mo sì rí i pé ebi ń pa á. Ó ní òun dúpẹ́, òun kò lè jẹ nǹkan kan. Ó ní òun kò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan nípa ẹjọ́ náà, òun wá wò ó nìkan ni. Ó béèrè ibi tí ẹ̀yìnkùlé wà.

Mọ̀mí fà mí sẹ́yìn. “Kò jẹun. Ó ti dájọ́ tán nìyẹn.”

“Mọ̀mí, òfin ni.”

“Òfin wo ló ní kéèyàn má jẹ míìtì-páì?”

Ó wọ yàrá náà, ó fa téèpù jáde. Ó wọn gígùn, ó wọn ìbú, ó wọn òkè, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì rọra kí Dádì. Dádì gbé ojú sókè. Mo rí i pé wọ́n kó ara wọn jọ. Wọ́n la ẹnu, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ sì jáde, “Sà”, ó mọ́ kedere, ju bí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu wọn láti oṣù púpọ̀.

Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ sókè jẹ́jẹ́. “Ẹ má bínú, sà,” ó ní. “Mi ò lè gbà á.”

Dádì pa ẹnu dé. Wọ́n mi orí bí ẹni pé ó yé wọn, bí awakọ̀ tí wọ́n sọ fún pé ọ̀nà ti dí níwájú. Ọkùnrin náà jáde, ó wọ ilé baba òyìnbó, ó dúró ní ilé ìdáná rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì lọ. Títí di òní, mi ò mọ ohun tó kù nínú gbólóhùn náà. Mo bi wọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n ní àwọn ti gbàgbé.

“Kò sáà rí ìdin kankan,” ni Mọ̀mí wí, nígbà tí wọ́n ń kó míìtì-páì kúrò.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ìdájọ́ dé. Ojú ewé mẹ́ta ni. Dádì ní inú yàrá náà ni kí n ti kà á, kí n sì fi Yorùbá sọ ọ́ nítorí Mọ̀mí. Mo ti kà á lẹ́nu ọ̀nà kí n tó wọlé. Ìlà àkọ́kọ́ ti sọ ọ́: ó kọ̀. Mo sọ ìyẹn. Mo sọ ọ̀rọ̀ gígùn àti ìbú. Ìpínrọ̀ kan wà níbẹ̀ tó sọ pé olùpẹjọ́ fúnra rẹ̀, nínú lẹ́tà tó kọ sí káńsù, ti gbà pé yàrá náà tóbi jù, ó sì ti sọ aládùúgbò sínú òkùnkùn, àti pé òun ìsípẹ́kítọ̀ kò rí ìdí láti ta ko ohun tó sọ. Mo fò ó. Mo dé èyí tó tẹ̀ lé e.

“Ó ní... ó ní àìsàn yín dun òun. Ó ní òun ti rò ó. Ṣùgbọ́n yàrá náà á pẹ́ níbẹ̀.”

“Á pẹ́ ju kí ni?” Dádì béèrè.

Mo ká ìwé náà pọ̀.

“Mú un wá.”

Wọ́n fi ọwọ́ òsì gbà á, wọ́n gbé e súnmọ́ ojú. Kí wọ́n tó bí mi ni Dádì ti ń ka Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọn kò kánjú. Ìdajì ojú wọn tó ṣì ń gbọ́ràn rẹ́rìn-ín.

“Á pẹ́ jù mí lọ ni,” wọ́n ní. “Ó ní èmi máa kú. Bíríkì ò ní kú.”

“Ọlọ́run ò ní jẹ́,” Mọ̀mí sọ.

“Òótọ́ ló sọ. Iṣẹ́ Ẹnjiníà dáa.” Wọ́n padà sí ìpínrọ̀ tí mo fò. “Ta ló kọ lẹ́tà yìí?”

“Èmi ni, sà.”

Wọ́n tún un kà. “Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dáa,” ni wọ́n wí, wọ́n sì dá a padà fún mi.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ti tán ni mo rí i nínú ọ̀kan lára ìwé tí wọ́n ní ká kà fún ìdánwò, pé ìsípẹ́kítọ̀ ní agbára láti gba ilé kan láyè fún ìgbà tí ẹnì kan bá fi nílò rẹ̀ nìkan, kí wọ́n sì wó o lẹ́yìn náà. Ó lè ṣe é, ó lè má ṣe é. A kò béèrè. Àánú la béèrè, kò sì sí ibi tí wọ́n ń kọ àánú sí lórí fọ́ọ̀mù. Mo yege nínú ìdánwò náà.

Káńsù kọ̀wé pé kí a wó o, wọ́n sì fún wa ní oṣù díẹ̀. Mọ̀mí kọ́kọ́ ní a ó sọ yàrá iwájú di yàrá Dádì, kí a gbé àga oníhò síbẹ̀. Dádì ní àwọn kò ní í yàgbẹ́ níbi tí Pásítọ̀ ń jókòó sí. Wọ́n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kò sì sí ẹni tó tún dá a lábàá. Òkè ló kù, níbi tí balùwẹ̀ wà.

Bọ̀dá Ẹnjiníà ló ní láti wó o, torí kò sí ẹni tó tún mọ bó ṣe kọ́ ọ. Ó dé ní Sátidé kan pẹ̀lú òòlù, kò sì lè wo ojú Dádì. Dádì ní kí a gbé àwọn lọ sókè kó tó ṣí òrùlé. Àga ilé ìdáná la fi gbé wọn, Bọ̀dá mú ẹsẹ̀ àga, èmi mú ẹ̀yìn, Mọ̀mí wà nísàlẹ̀ tí wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sókè, bí ẹni pé wọ́n lè dá àwa mẹ́ta dúró bí a bá já bọ́. A dúró lẹ́ẹ̀mejì láti mí. Ní ìdúró kejì, Dádì ní bọ́ọ̀sì àwọn kì í dúró tó bẹ́ẹ̀.

A gbé wọn kalẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Wọ́n wo yàrá òkè náà yíká, wọ́n wo ilẹ̀kùn, wọ́n wá wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Ó dáa,” wọ́n ní. “Ta lá á máa gbé mi sọ̀kalẹ̀?”

Bọ̀dá ń lọ sí Swinton lọ́jọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Èmi ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, oṣù tó ń bọ̀ ni mò ń padà sílé. Orúnkún Mọ̀mí kì í gbà wọ́n láàyè mọ́ láti gun àtẹ̀gùn náà pẹ̀lú páálí aṣọ. Gbogbo wa ló mọ èyí, Dádì náà mọ̀ ọ́n.

Bọ̀dá ní òun gbọ́dọ̀ sáré lọ dí páìpù omi kí òjò tó dé. Mo ní n ó lọ ràn án lọ́wọ́. A sọ̀kalẹ̀ lọ, a sì fi Mọ̀mí sílẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n ń tún kọ́là ẹ̀wù Dádì ṣe.